Ẹ̀wà Inú Kẹ́ẹ̀gì Àǹtí Mi

Àǹtí mi tó ń ta ẹ̀wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó fún mi ní kẹ́ẹ̀gì ẹ̀wà kan kí n fi dán iṣẹ́ ìwádìí mi lórí kòkòrò ẹ̀wà wò. Mo po ẹ̀wà náà mọ́ ewé dóńgóyárò tí a ti lọ̀ ní yàrá ìwádìí títí tí ewé náà fi kúnná ju ohun tí ojú lè rí lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sí kòkòrò kankan. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì tún ń bà mí.

Àǹtí ní, "Ohun tó pa kòkòrò, ṣé kò ní pa oníbàárà mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé gígùn. Bí òun ò bá gbà á, ta ni yóò gbà á?

"Dókítà kòkòrò, ó tó! Fọ̀ ọ́, sè é, kí o jẹ ẹ́ lójú mi."

Mo jẹ àwo kan tán. Ó wojú mi títí, ó wá gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. "Ó kù nínú ìkòkò?"