Irin Mọ̀núrù Tí Kò Kán

Ní Ìdúmàgbò, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tọmọdé tàgbà ló mọ Mọ̀núrù alágbẹ̀dẹ. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí, ilé alágbẹ̀dẹ ni, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ṣe lòun náà ń ṣe. Bí Mọ̀núrù bá rọ ìkọ́ sí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á jẹrà tán kí ìkọ́ tó yẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi í yangàn ju bó ti yẹ lọ. "Iṣẹ́ tó bá kúrò lọ́wọ́ mi kì í padà wá bá mi," lọ́rọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá a.

Lọ́dún 1956, Ọ̀gbẹ́ni Adéníyì, ará Ìjẹ̀bú kan tó ní ilé búrẹ́dì ní Lafiaji, ra ẹ̀rọ. Ọ̀pá irin ńlá méjì ló dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí wọn. Wọ́n á ti ìyẹ̀fun pípò bọ àárín wọn, á sì jáde ní pẹlẹbẹ. Irin kékeré kan, tó gùn bí ìka ọwọ́, ló so ọ̀pá náà mọ́ irin eléyín tó ń yí i. Pínnì ni wọ́n ń pè é. Ọlátúndé fítà, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, mú ọ̀kan wá fún Mọ̀núrù pé kó máa rọ irú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, irin rírọ̀ ni kẹ́ ẹ lò o," ó ní. "Wọ́n fẹ́ kó kán ni. Bí ọwọ́ èèyàn bá há sáàárín ọ̀pá, pínnì yìí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé. Bó bá ti gé, ọ̀pá á dúró, ọwọ́ á yọ."

Mọ̀núrù ní òun gbọ́. Etí rẹ̀ gbọ́ lóòótọ́, inú rẹ̀ ló kọ̀. Ṣé ohun tó máa bàjẹ́ ni wọ́n wá ń bẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ pé kó rọ? Síbẹ̀, ó rọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí. Bí ìyẹ̀fun bá ti le jù báyìí, pínnì á kán, wọ́n á tún gbé e padà wá. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sọ ọ́ ní Bàbá Ó-Tún-Kán. Ganiat, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ bá wáṣẹ́ síbẹ̀, tó sì ń ti ìyẹ̀fun bọ ẹ̀rọ náà, á gbé búrẹ́dì gbígbóná wá fún un lọ́jọ́ Jímọ̀, á kúnlẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, wọ́n tún ní kí n bá àwọn kí Bàbá Ó-Tún-Kán o."

Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, àmọ́ ó ń ta á lára bí ata ojú. Nígbà tó sú u, ó wá ògbólógbòó sipíríǹgì lọ́rì kan, ó gé nínú rẹ̀, ó rọ ọ́, ó mú un pọ́n dáadáa nínú iná, ó rì í bọ inú epo kó lè le. Ó fún Ọlátúndé bí ẹni pé ti àtẹ̀yìnwá ni.

Oṣù mẹ́ta gbáko, pínnì ò kán. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ náà pa rẹ́, Adéníyì pàápàá ránṣẹ́ ìdúpẹ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Iléyá dé, Mọ̀núrù lọ fojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ nígbà tí òkìtì ìyẹ̀fun kan há. Ọ̀pá dúró gbagidi, bẹ́líìtì ń rú èéfín, ẹ́ńjìnnì pòṣé, ó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n fa ìyẹ̀fun jáde. Mọ̀núrù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé pínnì ló yẹ kó kán.

Ó pe Ganiat sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ jẹ́wọ́ ti pínnì náà fún un.

"Máa rọra ṣe," ló wí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn."

Ó pinnu pé bí Iléyá bá ti kọjá, tí ẹ̀rọ bá sinmi, òun á pààrọ̀ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ojú ló ń tì í. Kò fẹ́ kí wọ́n tún pe òun ní Ó-Tún-Kán.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun alaásàrì, Ọlátúndé gun kẹ̀kẹ́ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ gbé ayùn irin! Ganiat ti há!"

Nígbà tí Mọ̀núrù fi máa dé ibẹ̀, wọ́n ti yọ bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n àwọn irin eléyín ti dì mọ́ra, ọ̀pá ò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Apá Ganiat ti wọlé dé èjìká. Àfi kí pínnì kúrò kí ọ̀pá tó lè yí. Wọ́n fi òòlù gbá a, kò jáde, torí ó ti tẹ̀ díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Mọ̀núrù gbé ayùn lé e, eyín ayùn ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ayùn kìíní kú, ìkejì kú. Ọlátúndé wo eyín ayùn, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, irin wo lẹ lò?"

Mọ̀núrù fa ayùn kẹta yọ. Ganiat gbọ́ ohùn wọn, ó yíjú díẹ̀ sí àwọn obìnrin tó ń sunkún.

"Ẹ má sunkún mọ́," ó ní. "Bọ̀dá mi ti dé. Òun ló rọ ọ́, ó mọ bó ṣe ń kán."

Jáàkì lọ́rì ni wọ́n fi ya ọ̀pá nígbẹ̀yìn, ìrun mọ̀gáríbì ti kọjá. Ganiat kú lójú ọ̀nà ọsibítù.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, Mọ̀núrù dìde láàárín ẹbí, ó sọ gbogbo rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí sipíríǹgì. Kò sẹ́ni tó bú u. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, wọ́n sì rí i lójú rẹ̀. Àlímọ̀t, ìyá wọn, kàn gbé ẹní rẹ̀ nílé Mọ̀núrù, ó kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ oúnjẹ tó ti ọwọ́ ọmọ rẹ̀ yìí wá mọ́.

Ó ṣì ń rọ pínnì fún ilé búrẹ́dì náà, irin rírọ̀ ni. Bó bá rọ mẹ́wàá, á kọ́kọ́ fi ọmọ owú lu ọ̀kan wò bóyá á kán kó tó kó ìyókù sílẹ̀. Bí oníbàárà tuntun bá sì wá, tó ní, "Bàbá, ẹ rọ èyí tí kò ní kán láéláé fún mi o," Mọ̀núrù á fọwọ́ rọ́ ẹwìrì sẹ́yìn, á gbójú sókè wò ó.

"Bí kò bá kán," á ní, "kí ló máa kán dípò rẹ̀?"