Ràmọ́tà, Kí Lodò Wí?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé l'Ágbówà, odò kì í kún láìtọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Ní ìdájí, bí òórùn ẹja yíyan bá ti gba àgbàlá wa kan, màá lọ dúró létí omi, màá ní kó máa bọ̀ tàbí kó padà.

Ìyá mi náà mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ọ̀pá kan ló rì mọ́lẹ̀ létí odò. Ibi tí omi bá dé lára ọ̀pá náà ló fi ń mọ̀ bóyá odò máa kún. Obìnrin ló ń kọ́kọ́ débi odò láàárọ̀, obìnrin ló sì mọ ìwà rẹ̀. Bàbá mi kì í tukọ̀ lọ s'Ẹ̀pẹ́ láìbi ìyá mi pé, "Ìyá Múrí, kí lodò wí?" Ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣorí kunkun, odò gbé ṣòkòtò tó sá sétí omi lọ. Ìyá mi a máa sọ pé, "Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu odò, á gbọ́ tẹnu aládùúgbò."

Wọ́n wá ṣe dáàmù sókè odò. Nígbà tí mo fi máa darúgbó sí Ìkòròdú, tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, omi ti ń kún lójú oòrùn láìsí òjò. Wọ́n ti ṣí dáàmù nìyẹn. Ọ̀pá bíi ti ìyá mi kò rí nǹkan wí mọ́. Omi gbé ẹja Ràmọ́tà ọmọ mi lọ, ó tún wó ààrò tó fi ń yan án. Olè ń tukọ̀ wọlé tí omi ti lé èèyàn kúrò, ẹ̀rù sì ń ba àwọn obìnrin láti lọ wẹ̀ lọ́nà jíjìn nírọ̀lẹ́. Àwa ọkùnrin gbé tọ́ọ̀ṣì, à ń ṣọ́lé, à ń bú ara wa. Ràmọ́tà tún ààrò mọ. Ó ní bí èyí náà bá lọ, òun ò yan ẹja mọ́ láyé òun.

Ó wá wọ mọ́tò lọ sókè odò, ó bá ìyá alákàrà kan nítòsí dáàmù dọ́rẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti ń ṣí omi, ìyá náà á fílaṣì í: á pè é lórí fóònù, á já ìpè náà kó tó gbé e.

Lọ́jọ́ tí fílaṣì àkọ́kọ́ wọlé, oòrùn mú ganrín-ganrín. Àwa ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ràmọ́tà ti ń kó ẹja gun àjà, àwọn obìnrin yòókù ń kó ọmọ àti gààrí lọ sórí òkè. Ó ní, "Bàbá, ẹ ká ṣòkòtò yín lórí okùn o."

Omi dé. Kò rí ẹja kan gbé, ẹrẹ̀ díẹ̀ ló fi sára ààrò.

Ọmọ tó ń pàṣẹ fódò ti di arúgbó tó ń jí bèèrè pé, "Ràmọ́tà, kí lodò wí?" Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé odò ò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi rí. Ibi tí mo ti purọ́ gan-an ni ti ṣòkòtò. Bàbá mi ò ṣàìgbọ́ tìyá mi lọ́jọ́ kan rí. Ṣòkòtò tèmi lodò gbé lọ, lórí okùn, lọ́jọ́ fílaṣì àkọ́kọ́ yẹn, ìró Ràmọ́tà ni mo sì ró di ọjọ́ kejì.