Omi Àjàrà Tí A Tọ́jú De Àlejò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ilé wa wà ní Thamesmead nílùú ọba, iṣẹ́ tí bàbá mi ń ṣe ni kò jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́sálásí fi í lọ́rùn sílẹ̀. Tírélà ni Daddy ń wà. Ó máa ń lọ sí oko àjàrà kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, á kó ọtí wáìnì wọn wá sí ilé ìkẹ́rùsí ní Nathan Way. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí ni, kò sì fi ọtí kan ẹnu rí. Ṣùgbọ́n Alhaji tó ń gbé lókè ilé wa kì í gbà. Ó ní ẹni tó ń ru oyin, tó ní òun ò lá ọwọ́, irọ́ ló ń pa. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, Daddy náà á rẹ́rìn-ín. Tó bá délé, á fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jókòó ti oúnjẹ.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, oyún àbúrò mi ti wúwo lára Mummy, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò sì jẹ́ kó ráyè tèmi. Bí wọ́n ṣe gbé mi sí iwájú tírélà nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lọ́dọ̀ wa mọ ohun tí họlidé jẹ́: ká fọ abọ́, ká ka Kùránì, ká máa wo ìta láti ojú wíńdò. Èmi lọ sí Faransé, mo sì fi yangàn títí ọ̀rọ̀ mi fi sú àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Òkúta funfun ló kún ilẹ̀ oko náà, oòrùn ti yan wọ́n gbóná débi pé wọ́n ń jó mi látinú bàtà. Igi àjàrà kò ga jù mí lọ. Màmá arúgbó kan ló ni oko náà, Madam ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọtí mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe: ọ̀kan pupa, tó ṣú bíi sóbò, ọ̀kan funfun, ọ̀kan sì dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife sóbò. Kí wọ́n tó kó ẹrù, Madam á bu ife kan fún dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù á mu tiwọn. Daddy á gbé tirẹ̀ sí imú, á dijú, á sì fi ìwọ̀nba èdè Faransé tó gbọ́ sọ òórùn tó wà nínú rẹ̀ pé, "Òkúta gbígbóná. Ọsàn wẹ́wẹ́." Á gbé ife náà kalẹ̀ láìtọ́ ọ wò. Madam á mi orí bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu tíṣà.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká àjàrà funfun nígbà tí a débẹ̀. Madam fún wa ní ìgò ńlá méjì omi àjàrà tí wọ́n fún láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kò tíì di ọtí. Mo mu ife kan níbẹ̀, mo sì ń lá ètè títí a fi dé etí òkun. Madam kìlọ̀ pé ká má jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ ká tó mu ún tán.

Daddy jíṣẹ́ náà fún Mummy, ó sì padà sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn ìyá wa. Ohun tó bá dára, àlejò ló ni ín. Mummy ti ìgò méjèèjì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóílà tó ń gbóná tọ̀sán-tòru, ó ní ó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àbúrò mi. Mo yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó fa etí mi. "Rísì, don't touch it. Ti àlejò ni." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi wà níbẹ̀.

Mummy bímọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Ààfáà jókòó, Alhaji jókòó, àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù kún inú pálọ̀. Mummy bu omi àjàrà sínú ife, ó ń hó. Ààfáà ti gbé tirẹ̀ dé ètè nígbà tí Daddy gbé ìkòkò ìrẹsì wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún. Ó ti di wáìnì."

Alhaji ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìwọ tó ò tọ́ ọ wò rí, báwo lo ṣe mọ̀ látẹnu ọ̀nà?"

Bí mo ṣe kéré tó, mo mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ti tán, pé bí Daddy ò bá rí èsì fọ̀, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lójú gbogbo wọn nìyẹn. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀. "Imú mi ló mọ̀ ọ́n, Alhaji. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n."

Ààfáà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Àwa tí a ò sún mọ́ ọn rí là ń pariwo pé a kì í mu ún. Ẹni tó ń bá a rìn lójoojúmọ́ ló yẹ kó sọ ọ́."

Wọ́n dà á nù, èmi ni mo fọ síńkì. Alhaji kò mẹ́nu ba oyin mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lóde òní, kò sóhun tó ń jẹ́ ti àlejò nílé mi ní Shooters Hill. Àwọn ọmọ ń ṣí fíríìjì bó ṣe wù wọ́n, àlejò fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ fi fóònù tọrọ àyè. Daddy ti fẹ̀yìn tì. Àìsàn kan ba imú rẹ̀ jẹ́, kò gbóòórùn ohunkóhun mọ́, ó sì ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọmọ-ọmọ Madam ló ń ṣe àbójútó oko náà báyìí. Wọ́n ń se omi àjàrà kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò, kò lè di ọtí mọ́ bó ti wù kó pẹ́. Mo ra ìgò kan lọ fún Daddy àti Mummy ní Thamesmead lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mummy ní kí n gbé e pamọ́. Mo ti ṣí i kó tó sọ ọ́ tán.

Daddy gbé ife sí imú, ó dijú, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Rísì, kí ló wà ńbẹ̀?"

"Òkúta gbígbóná, Daddy. Ọsàn wẹ́wẹ́."

Ó mi orí, ó sì mu ún tán.