Aṣọ Tí Wọn Yóò Fi Sin Bàbá Mi

Agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni, ní òwúrọ̀ àná, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwa òṣìṣẹ́ lọ sí èbúté Hamburg. Dáre, àbúrò mi, ti pè mí láti Ìbàdàn pé ọjọ́ Ẹtì la ó sin bàbá wa, àti pé ṣọ́ọ̀ṣì ti ra sùúùtù dúdú tí a ó wọ̀ fún wọn. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, nítorí náà mi ò lè lọ sílé. Mo sorí kodò, mo ń ronú nípa sùúùtù yẹn, àfi bí mo ṣe rí orúnkún ọkùnrin níwájú mi.

Callum ni, ará Scotland tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Ó wọ kilt, síkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ilẹ̀ wọn. Dírẹ́bà bi í pé, "Ṣé òtútù ò mú ẹ ni?" Ó ní, "Ó ń mú mi. Ó mú bàbá mi náà." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún mi pé méjì lòun ní. Ọ̀kan jẹ́ ti irun àgùntàn, ó wúwo, pílíìtì rẹ̀ pọ̀, ìgbéyàwó àti ìsìnkú lòun ń wọ̀ ọ́ lọ. Èyí tó wà nídìí òun jẹ́ ti ojoojúmọ́, ó ní àpò tí òun ń ki ìbọ̀wọ́ sí. Ó ní bàbá òun ò fẹ́ rí àpò yẹn sójú rárá. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, omi ló bọ́ lójú mi.

Ará Ìlàjẹ ni bàbá mi. Létí òkun lọ́dọ̀ wọn, ọkùnrin a máa ró aṣọ. Àwọn náà ní méjì. Jọ́ọ̀jì pupa wà nísàlẹ̀ àpótí, ó di ọjọ́ ọdún kó tó jáde. Ti ojoojúmọ́ jẹ́ aṣọ búlúù àti funfun, onílà ìbú òun òòró, tó ti ṣá, tó sì rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá jí, wọn á ró o, wọn á ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ ìdí, wọn á mú ayùn, eruku pákó á sì bò wọ́n dé ìpéǹpéjú. Bí a bá ń lọ ra ìṣó, ọwọ́ wọn kì í ṣófo, nítorí náà etí aṣọ yẹn ni mo máa ń dì mú sọdá títì.

Mo wà ní praimárì kẹrin n'Ìbàdàn nígbà tí mo gbàgbé oúnjẹ mi sílé lọ́jọ́ kan. Bàbá gbé e wá nínú ìró wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rọ́ sójú fèrèsé. "Bàbá oníyẹ̀rì! Ta ló ni bàbá oníyẹ̀rì yìí o?" Ojú tì mí débi pé ara mi gbóná. Mo ní, "Gáádì ilé wa ni." Mo pariwo ọ̀rọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá gbọ́. Mo mọ̀, nítorí ẹsẹ̀ wọn dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na abọ́ sí tíṣà wa, wọ́n sì tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ bá mi fún ọmọ ọ̀gá mi."

Wọn kò nà mí. Wọn kò mẹ́nu bà á rí. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣòkòtò ni, níta àti nínú ilé. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kàwé ní Berlin, mo máa ń jókòó nínú yàrá mi ní àdúgbò Märkisches Viertel, tí èmi àti bàbá bá ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, mo máa ń fẹ́ tọrọ àforíjì, ẹ̀rù á bà mí, màá wá béèrè bóyá iná wà.

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ lánàá, mo pe Dáre. Mo ní kó fi jọ́ọ̀jì pupa sin bàbá.

"Jọ́ọ̀jì wo? Èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí? Bùọ̀dá mi, ṣebí ti Màámi ni. Ẹ fẹ́ kí n fi aṣọ ìyá wa sin bàbá wa?"

"Ti bàbá ni."

"Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí bàbá nínú ìró rí. Ẹ sùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Kò parọ́. Ó ṣì ń rá nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi, ìyá wa tó lè jẹ́rìí sì ti ṣaláìsí. Gbólóhùn kan péré lẹ́nu ọmọ, ó sì ti pa aṣọ bàbá àti baba ńlá rẹ́ nínú ilé wa. Síbẹ̀ mo ń bẹ̀rù pé ọkàn ara mi ni mo fẹ́ tù. Bóyá ṣòkòtò tilẹ̀ ti wá wù wọ́n. Bí mo bá jẹ́wọ́, Dáre lè má wojú mi mọ́. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ mi ni wọn yóò wọ̀ lọ.

Ọjọ́rú lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin òbí yín, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n pe Dáre padà, àbí kí n jẹ́ kó sin wọ́n bí òun ṣe mọ̀ wọ́n?