Túbà Bàbá Bámilóyè

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí olóògbé Gbádégẹṣin Bámilóyè, ó ti orí bọ inú ohun èlò onídẹ ńlá kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ládùúgbò Ladi-Lak, níbi tó ti ń lu ara mọ́tò tó bá tẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan ló gbé e wá láti Ìlàjẹ, ó ní fèrè ọkọ̀ ojú omi ni.

“Túbà ni, fèrè orin,” ni Bàbá dáhùn láti inú ibẹ̀.

“Ta ni yóò fọn nǹkan tó tóbi báyìí?” ni mo bi í.

“Ẹni tó bá ní èémí.”

Òun fúnra rẹ̀ ní ikọ́ fée.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, títí ọdún 1931 tí wọ́n fín sí i fi yọ lára rẹ̀. Níní, ìyàwó rẹ̀, dúró wò ó.

“Látìgbà tí mo ti délé yín, ẹ ò fọ abọ́ rí.”

“Abọ́ ò ní ohùn.”

Ó ṣèlérí fún ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wọn pé túbà náà yóò dún lọ́jọ́ ìkórè. Láàárín iṣẹ́ náà ni fìlà rẹ̀ sọnù. Hashim ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì, ló rán an fún un.

“Hashim, o ti jí fìlà mi.”

“Èyí tí mo fọwọ́ ara mi rán? Kí ni n ó fi ṣe, Gbádé? Orí ẹ tóbi ju tèmi lọ.”

Àwọn méjèèjì tí í jọ jẹun ọ̀sán lójoojúmọ́ ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ fún oṣù mẹ́rin. Bàbá ń dá jẹun, ó kọ ẹ̀yìn sí títì. Kì í sì í jẹ oúnjẹ abọ́ rẹ̀ tán mọ́.

Nígbà tí ìkórè ku ọjọ́ kan, Dọlápọ̀, olórí àwọn afọnfèrè ṣọ́ọ̀ṣì, wá fọn túbà. Túbà kàn ń mí hùù ni.

“Bàbá, nǹkan dí i lọ́fun.”

“Ojú ló ń tì í.”

Dọlápọ̀ ki wáyà bọ inú rẹ̀. Fìlà ló jáde. Kò sẹ́ni tó béèrè bó ṣe débẹ̀. Gbogbo wa la mọ orí tó máa ń wọ ibẹ̀.

Bàbá gbọn fìlà, ó dé e, ó sọdá títì.

“Hashim, mo wá dárí jì ọ́.”

Hashim wo fìlà, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“O ṣeun. Ṣí i, jẹ́ kí n bá ẹ lọ̀ ọ́.”

Túbà dún lọ́jọ́ kejì. Hashim, Mùsùlùmí, jókòó ní ìjókòó iwájú. Ó ní ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni túbà wà báyìí, lábẹ́ aṣọ tí Hashim rán bò ó. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń lọ yẹ inú rẹ̀ wò, á sì kọ́kọ́ ṣí fìlà tirẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sin Bàbá sí lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú fìlà náà lórí.