Ọjọ́ Mẹ́rin ní Áísílándì

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Camberwell, nílùú òyìnbó, mo rò pé ọmọ mi obìnrin máa ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi kí n lọ rí àwọn ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn. Áísílándì ló rà. Ó jókòó sí pálọ̀ mi ní Peckham, ó ṣí ìwé kan tí wọ́n kọ fún àwọn arìnrìn-àjò, ó ń kà á bíi pásítọ̀: erékùṣù ni, omi gbígbóná ń tú jáde nínú ilẹ̀, èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀.

"Ṣé o bi wọ́n pé kí ló dé tí èèyàn ò fi pọ̀?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́ now. It's beautiful."

Irọ́ ni. Nígbà tí a débẹ̀, òkúta dúdú la bá, bí ibi tí wọ́n dáná sun tí wọ́n gbàgbé láti gbá. Kò sí igi. Omi ẹ̀rọ ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Wọ́n kó wa lọ dúró yí ihò kan ká nínú òjò, ká lè máa wo omi tó ń hó. Omi tó ń hó! Mo ní kẹ́tù nílé.

Lọ́jọ́ kẹta, a lọ wẹ̀ nínú adágún omi gbígbóná wọn. Ìyá àgbà kan tó ń ṣọ́ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ní a gbọ́dọ̀ bọ́ra sí ìhòòhò, ká fi ọṣẹ wẹ̀, ká tó wọnú omi. Lójú gbogbo èèyàn! Mo di táwẹ̀lì mi mú.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má tijú. Kò sóhun tí mi ò rí rí."

Ọ̀rọ̀ tèmi gan-an nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ ọ́ fún àwọn arúgbó ní wọ́ọ̀dù, bí mo ṣe ń fa aṣọ kúrò lára wọn. Mo pè é ní ìtùnú. Bàbá kan nínú wọn kọjú sí ògiri, ó ń sunkún; mo ní kó yáa ṣe kíá, àwọn mìíràn ń dúró. Níbi tí mo dúró sí yẹn, èmi fúnra mi ni mo kórìíra ju gbogbo òkúta wọn lọ.

Mo bọ́ṣọ. Ọmọ mi gba táwẹ̀lì, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nínú omi, ó bi mí bóyá mo ń gbádùn ẹ̀.

"Omi yìí dáa," ni mo dá a lóhùn. "Ìlú wọn tó kù, kí àwọn tó ni ín máa tọ́jú ẹ̀."