Ọjọ́ Tí Bàbá Ọlálérè Gbé Ajá Lọ sí Ọsibítù

Ohun tí gbogbo àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́ fi ń rántí Bàbá Ọlálérè ni ọjọ́ tó gbé ajá lọ sí ọsibítù. Lọ́dún 1991 ni. Bàbá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, jókòó láàárín àwọn aláìsàn, ajá wà lórí itan rẹ̀, ó sì ní kí Nọ́ọ̀sì Dorcas kọ káàdì méjì. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ aláìsàn kejì.

"Ẹ̀yinlẹmọ̀ Ọlálérè. Ọmọ ọdún mẹ́rin."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í kọ káàdì fún ajá níbí."

"Ọmọ mi, inú rírun kan náà ló ń ṣe wá. Mo jẹ iṣu, òun náà jẹ iṣu, nínú àwo kan ṣoṣo. Ṣé o fẹ́ wo èmi sàn, kí o fi òun sílẹ̀?"

Àwọn aládùúgbò ti máa ń sọ pé kò yẹ kí tíṣà àgbà máa bá ajá jẹun. Kò bá wọn jà. Ó kàn sọ ajá ní Ẹ̀yinlẹmọ̀, ó sì ń fi gbogbo ohùn pè é nígbà tí wọ́n bá ń kọjá.

Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń dá ọgbẹ́ sí Bàbá nínú, ó sì ṣeé ṣe kí òun àti ajá ti kó o ran ara wọn. Ta ló kó o ran ẹnì kejì? Bàbá ní òun ni, nítorí òun ni àgbà, òun ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè.

Wọ́n fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, pé kò gbọdọ̀ dín in kù. Wọ́n ní kí ó gbé ajá lọ bá dókítà ẹranko ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kò sí dẹ́rẹ́bà tó gbà láti gbé ajá tó ń bì. Bàbá bá mú ọ̀bẹ, ó ń la hóró oògùn kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó ń fi ìdajì sínú iyán fún ajá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Adéjọkẹ́, ká a mọ́ ọn.

"Bàbá Adéjọkẹ́, dókítà ní kí ẹ má dín in kù."

"N kò dín in kù. A pín in ni."

Ìyá sọ ọ́ níbi ẹ̀rọ omi, gbogbo àwọn tó ń pọnmi rẹ́rìn-ín títí. Kò sí ẹni tó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Nígbà ọyẹ́, Bàbá bi ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kò débẹ̀ láàyè.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Dorcas wá kí wọn, ó béèrè bóyá Bàbá lo oògùn náà tán. Ìyá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gba nọ́ọ̀sì lẹ́nu, kó tó fi gèlè bojú.

"Ìyá, ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Mà bá wá òmíràn kún un."

"Mo rò pé àwàdà rẹ̀ náà ni," ni Ìyá wí. "Ogójì ọdún ni mo fi bá a gbé, kò dá ohun kan jẹ rí. Ó yẹ kí n mọ̀."